Ṣóòkì Ìjàpá Nínú Ọyẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́

Ọdún 1975 ni owó Udoji bọ́ sọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Ìgbìmọ̀ tí Olóyè Jerome Udoji ṣe alága rẹ̀ ló dábàá pé kí wọ́n fi kún owó oṣù, ìjọba sì kó àjẹsílẹ̀ rẹ̀ fún wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn kan fi tiwọn kan páànù ilé, àwọn kan ra tẹlifíṣọ̀n, àwọn mìíràn yáwó kún un, wọ́n fi ra mọ́tò. Bàbá mi, tó jẹ́ olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, wà lára àwọn tó ra mọ́tò. Àlòkù Volkswagen ni, irú èyí tí gbogbo ìlú ń pè ní Ìjàpá, aláwọ̀ búlúù, 1500, tí wọ́n ṣe ní Jámánì ní 1969. Ọdún 1975 yẹn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Ìjàpá pọ̀ ní Èkó, ní Ọ̀jọ́ lójú ọ̀nà Badagry, ṣùgbọ́n owó tuntun ju agbára tíṣà lọ.

Láyé ìgbà náà, bí ọyẹ́ bá ti mú, ohùn mọ́tò tó kọ̀ tí kò fẹ́ gbà ló máa ń jí wa. Ní ìdájí oṣù Ṣẹ́rẹ́, ooru ìlú wa lè lọ sísàlẹ̀ ìwọ̀n 20, kí ọ̀sán ọjọ́ kan náà sì ju 30 lọ. Ètè ń bẹ́, eruku bo ewé, irin mọ́tò tutù rinrin. Ẹni tó bá ní Morris Minor á fa ọwọ́ ṣóòkì níwájú ibi tó jókòó sí, á sì máa dá a padà díẹ̀díẹ̀ bí ẹ́ńjìnì ṣe ń móoru. Bó bá gbàgbé láti dá a padà, èéfín dúdú á sìn ín dé ọjà. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí náà mọ irú ṣóòkì bẹ́ẹ̀: òun ni irin kékeré tí a ń fà lára jẹnẹrétọ̀ kí a tó fa okùn rẹ̀, tí a ń tì padà bó bá ti dún.

Nínú Ìjàpá bàbá mi, kò sí ohun tí a ń fà. Bàbá á jókòó, á rọra tẹ asẹlirétọ̀ délẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á gbé ẹsẹ̀ kúrò, á sì yí kọ́kọ́rọ́ lójú ẹsẹ̀. Kò jẹ́ tan kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ kó tún máa wá ìwé kiri inú mọ́tò. Ẹ́ńjìnì á gbà, ohùn rẹ̀ á ròkè ju bó ṣe yẹ lọ. Tó bá ṣe bí ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta, bàbá á fẹsẹ̀ kan asẹlirétọ̀ fẹ́rẹ́, ohùn náà á rọlẹ̀, sílò, ìyẹn bí ẹ́ńjìnì ṣe ń dún láìtẹ asẹlirétọ̀, á dúró jẹ́ẹ́. Ẹ̀yìn mọ́tò, níbi tí ẹ́ńjìnì wà, ni èmi máa ń dúró sí, ohun tó sì ń jẹ mí lọ́kàn ni ẹni tó ń sọ fún ẹ́ńjìnì náà pé àkókò ti tó.

Ìgbà tí nǹkan náà bàjẹ́ ni mo rí ìdáhùn. Mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín dúdú láti àárọ̀ di alẹ́. Epo tí ń gbé bàbá lọ Ìbàdàn tí ń gbé e bọ̀ kò tó àlọ nìkan mọ́. Bí wọ́n bá tú púlọ́ọ̀gì, ẹnu rẹ̀ á dúdú bí ìdí ìkòkò. Mẹkáníìkì tó ń tọ́jú mọ́tò náà ṣí ìdérí ẹ̀yìn, ó nawọ́ sí ike dúdú róbótó kan, tí wáyà kan wọ inú rẹ̀, lára kábúrétọ̀, ẹ̀rọ tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnì.

Ó ní, “Tíṣà, ẹ jẹ́ ká yọ nǹkan yìí dànù. Ṣóòkì oníná ni. Òtútù òyìnbó ni wọ́n ṣe é fún. Ṣé yìnyín máa ń bọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni?”

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnì kan. Bí gbogbo ìlú ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ Ìjàpá àdúgbò wa ni wọ́n ti fi wáyà tín-ín-rín so ewé irin ṣóòkì wọn ní ṣíṣí pátápátá, tí wọ́n sì já wáyà iná rẹ̀ sílẹ̀. Bàbá kò tako mẹkáníìkì, kò sì gbà fún un. Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ fún mi lọ́jọ́ díẹ̀. Mo fẹ́ mọ iṣẹ́ tó ń ṣe ná ká tó yọ ọ́.” Mo ti gbọ́ ìmọ̀ràn púpọ̀ láyé mi láti ìgbà náà wá, ìwọ̀nba díẹ̀ ló sì wúlò fún mi tó gbólóhùn yẹn.

Ọkùnrin kan tí àwa ọmọdé ń pè ní Bọ̀dá Ríwáyà ni bàbá ránṣẹ́ sí. Iṣẹ́ iná mọ́tò ló ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù páànù kan létí ọ̀nà Ìlọrin. Èkó ló ti kọ́ṣẹ́. Kò lọ sí yunifásítì kankan, ṣùgbọ́n ẹni tó bá bi í ní ìbéèrè kì í kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ láìgbọ́ ìdí. Ó tú ẹ̀rọ tí ń sẹ́ afẹ́fẹ́ kúrò lórí kábúrétọ̀, ó ní kí èmi àti bàbá wo inú ihò rẹ̀. Ewé irin róbótó kan wà lókè ihò náà, ọ̀pá tín-ín-rín kan ló sì gún un láàárín. Bí ó bá dùbúlẹ̀, ó ti dí ọ̀nà afẹ́fẹ́ nìyẹn. Bí ó bá dìde dúró, ọ̀nà ti ṣí.

Ó kọ́kọ́ bi wá ní ìbéèrè kan: kí ló ń jó nínú ẹ́ńjìnì? Mo ní epo ni. Ó ní rárá, oruku epo ni, ìyẹn epo tó ti di bí afẹ́fẹ́. Epo tó ṣì jẹ́ omi kì í jó dáadáa. Bí ẹ́ńjìnì bá móoru, ìwọ̀n afẹ́fẹ́ bíi 15 sí ìwọ̀n epo 1 ló tó o láti jó. Ṣùgbọ́n bí ó bá tutù, púpọ̀ nínú epo tí kábúrétọ̀ bá fọ́n jáde á lẹ̀ mọ́ ògiri páìpù lọ́nà, ìwọ̀nba ló máa di oruku débi púlọ́ọ̀gì. Ti Ìjàpá tilẹ̀ burú ju ti mọ́tò mìíràn lọ, nítorí kábúrétọ̀ kan ṣoṣo ló wà láàárín, páìpù gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ ló sì ń gbé epo lọ fún ẹ́ńjìnì lọ́tùn-ún lósì. Ìdí nìyí tí a fi ń dí afẹ́fẹ́ láàárọ̀: bí afẹ́fẹ́ kò bá rí ọ̀nà wọlé, fífà ẹ́ńjìnì á mú epo púpọ̀ jáde láti ẹnu jẹ́ẹ̀tì, èyí tó bá sì kù lẹ́yìn tí ògiri páìpù ti gba tirẹ̀ á tó láti gbiná.

Lẹ́yìn èyí ló tú ìdè mẹ́ta tó di òrùka ike dúdú náà mú, ó sì yọ ọ́. Irin pẹlẹbẹ kan ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ká yípo yípo, tí ẹnu rẹ̀ sì tẹ̀ láti kọ́ apá kékeré kan tó so mọ́ ọ̀pá ewé irin yẹn. Irin oríṣi méjì ni wọ́n lẹ̀ pọ̀ tó fi di ọ̀kan. Bí wọ́n bá móoru, ọ̀kan á gùn ju èkejì lọ, ṣùgbọ́n wọn kò lè pínyà, nítorí náà gbogbo rẹ̀ á tẹ̀. Bí òtútù bá mú un, á ká mọ́ra, á sì fa ewé irin dùbúlẹ̀. Bí ooru bá dé, á tú, ewé irin á dìde. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin kíká yìí ni wáyà agbóná kan wà. Bí a bá ti yí kọ́kọ́rọ́, iná láti orí kọ́ìlì á wọ inú rẹ̀, á máa gbóná, á sì máa mú irin kíká náà gbóná títí ewé á fi ṣí tán.

Gbogbo àṣà bàbá láàárọ̀ wá yé mi. Ìdí tó fi ń tẹ asẹlirétọ̀ lẹ́ẹ̀kan ni pé irin onípele kan wà lára kábúrétọ̀ tó ń há ewé ṣóòkì mọ́ ibi tó wà, àfi bí a bá tẹ asẹlirétọ̀ kó tó lè dùbúlẹ̀. Irin onípele yìí kan náà ló ń gbé sílò sókè kí ẹ́ńjìnì tútù má baà kú, tó sì ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ bí ẹsẹ̀ bá tún kàn án lẹ́yìn tó bá ti móoru. Ìdí tí kì í fi í tan kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ ni pé iná kò mọ̀ bóyá ẹ́ńjìnì ti dún tàbí kò tíì dún. Bí kọ́kọ́rọ́ bá ti wà ní títàn, iná á máa mú irin kíká gbóná, ṣóòkì á ṣí, ẹ́ńjìnì á sì ṣì tutù. Ẹni tó bá wá fẹ́ tanná sí mọ́tò lẹ́yìn ìyẹn á máa yí kọ́kọ́rọ́ títí bátìrì á fi kú.

Nǹkan mìíràn tún wà tí Bọ̀dá Ríwáyà fi hàn wá, tó ya bàbá lẹ́nu. Bí ẹ́ńjìnì bá ti gbà, ewé ṣóòkì kò ní wà ní dídí pa. Fífà ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ á ṣí i díẹ̀, kí èémí má baà há a. Ó tún fi àléébù rẹ̀ hàn wá láìfi bò. Ike kékeré yìí máa ń tutù kíákíá ju irin ńlá ẹ́ńjìnì lọ. Bí bàbá bá yà ní ọjà Tàkìé fún ìgbà díẹ̀, tó padà wá, ẹ́ńjìnì á ṣì gbóná ṣùgbọ́n ṣóòkì á ti bẹ̀rẹ̀ sí í dí. Ó ní nírú àsìkò bẹ́ẹ̀, kí bàbá tẹ asẹlirétọ̀ délẹ̀ kó má sì gbé ẹsẹ̀ títí ẹ́ńjìnì á fi gbà. Bàbá ṣe bẹ́ẹ̀ títí ó fi ta mọ́tò náà.

Níbo wá ni èéfín dúdú ti wá? Bọ̀dá Ríwáyà gbé ike náà sókè, ó ní kí bàbá ka nọ́ńbà ara rẹ̀. Nọ́ńbà 6 ló wà níbẹ̀. Ìjàpá ìgbà àtijọ́ ń lo iná fóltì 6, àwọn 1500 tí wọ́n ṣe láti ìparí 1967 ń lo 12. Ẹnì kan tó ni mọ́tò náà ṣáájú wa ti fi pátì mọ́tò àtijọ́ sí i. Iná ìlọ́po méjì ló ń wọ inú rẹ̀, wáyà agbóná kò sì pẹ́ tó fi jó já. Láti ìgbà náà, kò sí ohun tó ń mú irin kíká gbóná mọ́. Ewé irin kò ṣí tán rí. Àfikún epo tó yẹ kó dáwọ́ dúró lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta ń wọlé tọ̀sán-tòru.

Ewu rẹ̀ sì ju èéfín lọ. Epo tó bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ á fọ ọ́ìlì kúrò lára ògiri sìlíńdà, á sì ṣàn lọ dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì ẹ́ńjìnì nísàlẹ̀. Lítà 2.5 péré ni ọ́ìlì tí Ìjàpá ń gbà, afẹ́fẹ́ àti ọ́ìlì yìí ló sì ń tù ú, kò sí omi. Bí ọ́ìlì náà bá ṣàn bí omi, ẹ́ńjìnì ń lọ sí ìparun nìyẹn.

A ra èyí tí wọ́n kọ 12 sí lára ní Ìbàdàn. Bọ̀dá Ríwáyà dè é mọ́ àyè rẹ̀, ó mú àmì ara ike bá àmì àárín tó wà lára kábúrétọ̀ mu, ó sì ní kí a yí kọ́kọ́rọ́. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó gbá mi lọ́wọ́ mú, ó gbé e lé ike náà. Ó ti lọ́ wọ́rọ́wọ́rọ́. Ó ní, “Bí o bá fọwọ́ kan ṣóòkì tí o kò bá gbọ́ ooru, má yọ ọ́ dànù. Wá ibi tí iná gbé já.”

Àmọ́ ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì ṣì wà nílẹ̀: ṣé a tilẹ̀ nílò rẹ̀ ní ilẹ̀ olóoru? Bàbá kò fi ẹnu lásán dáhùn. Nínú ọyẹ́, ó jí mi ní ìdájí, ó tú ẹ̀rọ tí ń sẹ́ afẹ́fẹ́, ó tẹ asẹlirétọ̀ lẹ́ẹ̀kan láìyí kọ́kọ́rọ́. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí inú ihò. Ewé irin náà ti dí pátápátá. Ọjọ́ ìsinmi ni, a kò gbé mọ́tò jáde. Nígbà tí oòrùn kàn tàrà, a tún ṣe é bẹ́ẹ̀. Ewé irin náà dí díẹ̀, àyè tó ṣẹ́ kù pọ̀ dáadáa. Mọ́tò kan náà, ṣóòkì kan náà, ọjọ́ kan náà. Láàárọ̀ ó ṣe bí ẹni pé òtútù wà, lọ́sàn-án ó ṣe bí ẹni pé kò sí.

Ohun tí mo fẹ́ sọ nípa ìgbà náà nìyí. Àwọn tó ń so ṣóòkì wọn ní wáyà gbà pé ojú ọjọ́ Jámánì ni wọ́n dì sínú ike dúdú yẹn ránṣẹ́ sí wa. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin ooru ni wọ́n fi sínú rẹ̀, òfin yẹn kò sì ní ìlú kan pàtó. Ojú ọjọ́ Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń gbọ́ràn sí lẹ́nu ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bí òtútù kò bá pọ̀, kò ní dí púpọ̀, kò sì ní pẹ́ kó tó ṣí. Àwọn tí wọ́n dè é ní ṣíṣí rí àǹfààní lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n nínú ọyẹ́ àwọn ni wọ́n ń ti mọ́tò sọ̀kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láàárọ̀, tí wọ́n ń bu epo sẹ́nu kábúrétọ̀ kó tó gbà. Mo ti rí i tí iná rú jáde láti ibẹ̀ tó sì jó irun ojú ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan.

Nígbà tí mo dé kíláàsì físíìsì ní ilé ẹ̀kọ́ girama, olùkọ́ wa mú ọ̀pá irin kan jáde, idẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan, irin ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ó gbé e lé iná, ó tẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kọ ọ́ sínú ìwé fún ìdánwò. Èmi ti mọ ọ́n tẹ́lẹ̀, mo sì mọ ibi tó ń gbé. Olùkọ́ náà sọ fún wa pé ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, John Harrison, aláago ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti lo irú irin méjì àlẹ̀pọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú aago tó ṣe fún àwọn awakọ̀ òkun, kí ooru àti òtútù má baà da àkókò rẹ̀ rú. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà. Ó yé mi pé Bọ̀dá Ríwáyà àti ọkùnrin aláago yẹn wà lẹ́nu iṣẹ́ kan náà.

Mo wá kà nípa ṣóòkì oníná nígbà tí mo dàgbà. Ìjàpá tí wọ́n ṣe fún ọdún 1961 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi irú ṣóòkì yìí sí kábúrétọ̀ Solex. Iná mànàmáná ni wọ́n lò nítorí Ìjàpá kò ní omi gbígbóná tí wọ́n lè dà yí irin kíká ká, bí àwọn mọ́tò olómi kan ṣe ń ṣe. Ní Amẹ́ríkà, ooru páìpù èéfín ló pẹ́ tí wọ́n fi ń mú ti àwọn mọ́tò ńlá wọn gbóná. Òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ ti 1970 ló mú kí àwọn ilé iṣẹ́ kan fi iná kún un, nítorí bí ṣóòkì bá tètè ṣí, èéfín olóró á dín kù. Ní Bràsíìlì, níbi tí wọ́n ti ń pe Ìjàpá ní Fusca, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ṣì jẹ́ àfọwọ́fà. Ní ọdún 1975 tí bàbá ra tirẹ̀, àwọn Ìjàpá tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà ti pa kábúrétọ̀ tì, wọ́n ti ń lo ẹ̀rọ tí ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnì. Ní Mẹ́síkò, 1993 ni ìyẹn tó dé, Ìjàpá tó kẹ́yìn sì jáde ní Puebla ní ọjọ́ 30 oṣù Keje 2003. Iye tí wọ́n ṣe káàkiri ayé lé ní mílíọ̀nù 21.

Nígbà tí tòkunbọ̀ kún ìgboro, àwọn mọ́tò tí kò ní kábúrétọ̀ rárá bá a wọlé. Ṣóòkì parẹ́ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kò parẹ́. Nínú mọ́tò òde òní, irinṣẹ́ kékeré kan ń wọn ooru omi ẹ́ńjìnì, ó ń sọ ọ́ fún kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà á sì fi kún epo láàárọ̀, á dín in kù bó bá ti móoru. Ìbéèrè tí irin kíká náà ń dáhùn láìlọ́pọlọ ni kọ̀ǹpútà ń dáhùn lónìí: báwo ni ẹ́ńjìnì yìí ṣe tutù tó? Mo sì ti rí mẹkáníìkì òde òní tó fẹ́ já wáyà irinṣẹ́ yẹn, tó ní òtútù òyìnbó ni wọ́n ṣe é fún.

Bọ̀dá Ríwáyà kò sí láyé mọ́, bàbá náà ti lọ. Àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó kọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìbàdàn, àwọn kan sì ti di ọ̀gá tó lọ́mọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tiwọn. Ohun tí mo ń bẹ̀ wọ́n fún ni ohun tí wọ́n rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá wọn: kí wọ́n máa sọ ìdí fún ọmọ tó bá dúró tì wọ́n lẹ́yìn mọ́tò, ní Yorùbá tó yè kooro, kí wọ́n sì jẹ́ kó fọwọ́ kan irin náà kó tó dórí bóyá kí a yọ ọ́. Èdè wa gba gbogbo rẹ̀, láti oruku epo dé irin tó ń ká tó ń tú. Mo gbọ́ ọ lédè Yorùbá kí n tó gbọ́ ọ lédè mìíràn, kò sì sí ohun tí olùkọ́ físíìsì wá fi kún un lẹ́yìn náà ju orúkọ lọ.